Ìlà Funfun Kan Ṣoṣo Lójú Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́: Ṣé Picture Tube Ló Kú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, tí kì í ṣe pẹlẹbẹ. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí àwòrán rẹ̀ ti ń kúrú. Òkè àti ìsàlẹ̀ yóò ṣú dùdù, àárín nìkan ni àwòrán yóò wà, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tún nà padà. Ní báyìí, gbígbá kò ràn án mọ́. Ìlà funfun kan ṣoṣo ló dábùú àárín ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń jáde ketekete. Kí ó tó dà bẹ́ẹ̀, àwọ̀ kan tó jọ elésè àlùkò ti wà ní igun ọ̀tún lókè fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí mo gbé e tọ̀ lọ ní picture tube, ìyẹn gíláàsì ńlá tó ń gbé àwòrán jáde, ti kú, pé kí n lọ kó o dànù. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo sì lè tún un ṣe fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o. Ohun tí wọ́n sọ fún yín kò rí bẹ́ẹ̀, picture tube yín kò kú. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí láìtíì fojú kan tẹlifíṣọ̀n náà, nítorí pé ìlà funfun tó ń bà yín nínú jẹ́ yìí gan-an ni ẹ̀rí pé tube ń ṣiṣẹ́. Kí ìlà kan ṣoṣo tó lè tàn lójú gíláàsì, àfi kí wáyà tín-ín-rín inú ọrùn tube ti gbóná, kí electron, ìyẹn ohun tín-ín-rín tó ń gbé iná, máa tú jáde níbẹ̀, kí flyback, ìyẹn ẹ̀yà tó ń sọ iná kékeré di iná gíga, máa fún un ní iná gíga tó tó nǹkan bí 25,000 fóltì, kí ẹ̀ka tó ń fa electron láti òsì sí ọ̀tún sì máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ìyẹn pé nínú tiyín. Agbára tó yẹ kó fẹ ìlà náà sókè sísàlẹ̀ nìkan ni kò sí.

Kí ẹ tó ka ohun tó kù, ẹ jọ̀wọ́, bí tẹlifíṣọ̀n náà bá wà ní títàn, ẹ pa á. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó tàn ká ojú gíláàsì ló para pọ̀ sínú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, yóò jó èròjà tó ń tàn lẹ́yìn gíláàsì, àpá rẹ̀ kò sì ní parẹ́ mọ́ láéláé. Nígbà náà ni picture tube tí kò ní àbùkù kankan yóò wá di aláàbùkù ní tòótọ́. Bí ó bá di dandan láti tàn án kí ẹ lè fi mítà wọn nǹkan, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí ìlà náà yóò fi di bàìbàì.

Ìdí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a wo ojú àwòrán dáadáa kí a tó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni pé àbùkù kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń wá. Ìbọn electron mẹ́ta ló wà nínú ọrùn picture tube aláwọ̀, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Wọ́n ń yìn lu ojú gíláàsì láìdúró, kọ́ìlì méjì tó wà nínú yoke, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé mọ́ ìdí ọrùn tube, ló sì ń darí wọn. Kọ́ìlì kan ń fà wọ́n láti òsì sí ọ̀tún, èkejì ń fà wọ́n láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń kọ̀wé ṣe ń tọ ìlà lọ tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Nínú ètò onílà 625, kọ́ìlì àkọ́kọ́ ń ṣe tirẹ̀ ní ìgbà 15,625 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì ń ṣe tirẹ̀ ní ìgbà 50. Nínú ètò onílà 525, ó jẹ́ nǹkan bí 15,734 àti 60. Ẹ̀ka méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bọ́ kọ́ìlì méjèèjì. Nítorí náà, bí ìlà bá dábùú bíi tiyín, ẹ̀ka òkè-sí-ìsàlẹ̀ tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní vertical ló ti dákẹ́. Bí ìlà bá nàró ní àárín, kọ́ìlì òsì-sí-ọ̀tún fúnra rẹ̀, tàbí ohun tó so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tí àwọn ẹ̀yà iná wà lórí rẹ̀, ló ti já. Bí ẹ̀ka òsì-sí-ọ̀tún, ìyẹn horizontal, bá kú pátápátá, flyback kò ní ṣiṣẹ́ rárá, ojú tẹlifíṣọ̀n yóò sì ṣókùnkùn biribiri, torí ẹ̀ka yẹn kan náà ló ń bọ́ flyback.

Bóyá kí ẹ tún un ṣe fúnra yín, èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún yín: bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ oníná rí, ẹ má fi èyí ṣe àkọ́kọ́. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ mìíràn, kí ẹ sì sọ ohun tí mo kọ síhìn-ín fún un. Inú tẹlifíṣọ̀n yìí lè pani nígbà tí kò sí iná lára rẹ̀ pàápàá. Iná 220 fóltì tó ń wọlé máa ń di nǹkan bí 310 fóltì lórí kàpásítọ̀ ńlá, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná, tó wà nínú pánẹ́ẹ̀lì, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára iná. Picture tube náà fúnra rẹ̀ jẹ́ kàpásítọ̀, ó lè tọ́jú iná gíga rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Afẹ́fẹ́ kò sì sí nínú rẹ̀. Bí irin bá bọ́ lu ọrùn rẹ̀, ọrùn náà lè ṣẹ́, bí gíláàsì iwájú bá sì fọ́, yóò tú ká pẹ̀lú agbára.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ iná yóò kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára iná, yóò dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò fi wáyà kan so irin sikurudíráfà tó ní ọwọ́ ike tó nípọn mọ́ wáyà ìhòòhò tó nà kọjá lẹ́yìn tube. Wáyà ìhòòhò yẹn ni kí ẹ so ó mọ́, ẹ má so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, nítorí pé iná tó bá gba inú pánẹ́ẹ̀lì kọjá lè ba àwọn IC, ìyẹn ẹ̀yà kékeré dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, jẹ́. Yóò wá ti ẹnu sikurudíráfà náà sábẹ́ rọ́bà pupa tàbí dúdú tó dà bo ẹ̀gbẹ́ tube, níbi tí wáyà ńlá flyback ti wọlé, kí ó lè kan irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ìró kan, pá! Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé iná díẹ̀ máa ń padà kó jọ síbẹ̀. Ní ti kàpásítọ̀ ńlá, gílóòbù iná àtijọ́ oníwáyà gbígbóná (kì í ṣe LED) tí a fi wáyà méjì kàn án lẹ́sẹ̀ ti tó láti fa iná inú rẹ̀ gbẹ. Kí ẹ má ṣe fi irin so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lójijì. Nígbà tí iná bá sì wà lára ẹ̀rọ tí a ń wọn nǹkan, ọwọ́ kan ni kó wà nínú rẹ̀, kí ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn wa, torí pé apá kan nínú pánẹ́ẹ̀lì so mọ́ iná ìta tààrà.

Ó wá kan ibi tí àrùn náà wà. Ohun tó wúlò jù nínú gbogbo ìtàn yín ni gbígbá tí ẹ máa ń gbá a tí àwòrán fi ń nà padà. Ohun tó bá ti ń gbọ́ràn sí gbígbá lẹ́nu, àìfarakanra ni, kì í ṣe ohun tó jó. IC vertical máa ń gbóná gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so ó mọ́ irin tó ń gba ooru. Lójoojúmọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbóná tó ń fẹ̀, tó tún ń tutù tó ń súnkì, títí léèdì tó dì í mú mọ́ pánẹ́ẹ̀lì yóò fi sán. Ẹ yí pánẹ́ẹ̀lì náà padà, kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì àti gíláàsì amúǹkantóbi wo ìdí ẹsẹ̀ IC yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Léèdì tó dára máa ń dán, yóò sì gun ẹsẹ̀ náà láìsí àlàfo. Èyí tó ti sán máa ń ṣú, ẹ ó sì rí òrùka dúdú tín-ín-rín kan tó yí ẹsẹ̀ náà ká. Nígbà mìíràn, bí ẹ bá fi igi kékeré ti ẹsẹ̀ náà, ẹ ó rí i tó ń mì nínú òrùka yẹn. Ẹ má kàn fi irin gbígbóná kàn án lórí léèdì àtijọ́. Ẹ fa ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ jó tuntun sí i. Kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ flyback àti ibi tí wáyà yoke ti wọ pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, nítorí pé àwọn náà máa ń sán lọ́nà kan náà.

Bí ó bá jẹ́ pé léèdì nìkan ni, àwòrán yóò nà padà, ọ̀ràn náà sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìsopọ̀ bá ti ń já tó tún ń padà fún oṣù mélòó kan, IC lè ti fara gbá nínú rẹ̀. Iná tí IC vertical ń lò sábà máa ń wá láti ara flyback, láàárín 24 sí 30 fóltì nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, ó sì máa ń gba inú rẹsísítọ̀ kékeré kan kọjá, èyí tí wọ́n ṣe kó lè já bíi fíúùsì bí wàhálà bá dé. Ẹ wọn iná náà lẹ́sẹ̀ IC. Bí kò bá sí iná níbẹ̀ tí rẹsísítọ̀ náà sì ti já, ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ nìkan kí ẹ wá tan ẹ̀rọ, torí pé ohun kan ló já a, IC tó ti so pọ̀ nínú (ìyẹn tó ti ṣe shọ́ọ̀tì) ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀, kí rẹsísítọ̀ tuntun jẹ́ irú ti àtijọ́ gan-an. Ẹni tó bá fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀ ń wá iná ilé ni. Bí iná bá pé lẹ́sẹ̀ IC ṣùgbọ́n tí ìlà kò fẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì yoke, kí ẹ wọn kọ́ìlì vertical. Iye ohm kékeré ló yẹ kí mítà fi hàn, láti ohm mélòó kan dé ohm mẹ́wàá lọ́nà mélòó kan. Bí mítà kò bá fi nǹkan kan hàn rárá, wáyà inú yoke ló já. Ìyẹn kò wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kàpásítọ̀ olómi tó yí IC náà ká tún wà níbẹ̀. Ooru irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń gbẹ wọ́n, kò sì dìgbà tí orí wọn bá wú kí wọ́n tó bàjẹ́, nítorí náà ojú lásán lè tan yín jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, èyí tó ń fún IC ní agbára láti dá electron padà sókè kíákíá máa ń jẹ́ nǹkan bí 100 µF. Bí òun bá gbẹ, òkè àwòrán yóò ká lé ara rẹ̀, ìlà funfun mélòó kan yóò sì dábùú rẹ̀. Èyí tó ń gbé agbára lọ sí yoke tóbi jù ú lọ, ó lè jẹ́ 1000 µF tàbí 2200 µF, bí òun bá sì rẹ̀, àwòrán máa ń kúrú tàbí kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún pọ̀. Bí mo bá ti ṣí irú ẹ̀rọ yìí, mo máa ń pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé wọn kì í wọ́n, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n sì jọ ní. Kí iye µF tuntun bá ti àtijọ́ mu, kí fóltì rẹ̀ má kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára, kí ẹ sì ṣọ́ra kí ẹ má fi ẹsẹ̀ òdì (−) sí ojú ẹsẹ̀ (+).

Ní ti àwọ̀ elésè àlùkò tó wà ní igun, ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn, kò bá ìlà náà tan rárá. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó kún fún ihò wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, òun ló ń rí i pé ìbọn pupa kò lu ibi tó jẹ́ ti búlúù. Bí òòfà bá ti wọ irin yẹn lára, bóyá torí sípíkà ńlá tó wà nítòsí, electron yóò máa yà kúrò lójú ọ̀nà ní apá ibẹ̀, àwọ̀ yóò sì yí padà. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ irú yìí ló ní kọ́ìlì tó ń fọ òòfà náà nù nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Òun ni ìró “hùn” kúkúrú tí ẹ máa ń gbọ́. Ẹ gbé sípíkà kúrò nítòsí. Lẹ́yìn tí àwòrán bá ti padà, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n láti orí bọ́tìnì rẹ̀ gan-an, kì í ṣe láti orí rìmóòtù, kí ẹ fi sílẹ̀ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tutù, kí ẹ tún tàn án, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà bíi mélòó kan. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìró yẹn mọ́ tí àwọ̀ náà kò sì kúrò, ẹ yẹ posistor wò, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fún kọ́ìlì náà ní iná, èyí tó jẹ́ àpótí dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó wà nídìí ibi tí iná ń gbà wọlé. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ mì í, tí ẹ gbọ́ ohun tó ń dún wàràwàrà nínú rẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ náà bá jẹ́ láti ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n ti ṣubú, irin inú tube ló tẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i láti òde.

Mo fẹ́ kí ẹ tún mọ bí tube tó kú gan-an ṣe ń rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún dá ẹjọ́ ikú fún èyí tó wà láàyè. Àwòrán rẹ̀ yóò ṣú nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, yóò sì máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ibi funfun inú àwòrán yóò máa dán bíi fàdákà, ojú ènìyàn yóò sì dà bí èyí tí wọ́n fi nǹkan ra. Ìbọn kan ṣoṣo náà lè rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí búlúù bá lọ, gbogbo funfun á di ìyeyè. Bí àwọ̀ ewé bá lọ, á di elésè àlùkò. Bí pupa bá lọ, á di búlúù tó fẹ́ jọ ewé. Síbẹ̀, kí a tó dá tube lẹ́bi fún ìyẹn, kí a kọ́kọ́ wo pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, torí pé tiransísítọ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, léèdì ìdí wọn sì máa ń sán bíi ti IC vertical. Bí gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n bá di àwọ̀ kan ṣoṣo, tó mọ́lẹ̀ kọjá ààlà, tí ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì dábùú rẹ̀, tiransísítọ̀ àwọ̀ yẹn lè ti so pọ̀, tàbí kí nǹkan kan nínú ìbọn náà ti kanra. Àwòrán tó kàn ṣe bàìbàì, tó ń hàn kedere lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, lè jẹ́ nítorí ìdọ̀tí àti ìpata inú sókẹ́ẹ̀tì ọrùn tube, tàbí bọ́tìnì focus tó wà lára flyback.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe láé, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, ni pé kí ẹ gbé iná B+, ìyẹn iná pàtàkì tó ń bọ́ ẹ̀ka horizontal, ga ju iye tí wọ́n kọ sára pánẹ́ẹ̀lì lọ kí àwòrán lè fẹ̀ tàbí kó mọ́lẹ̀ sí i. Bí B+ bá ga, iná gíga inú tube á ga sí i, ìtànṣán X-ray tó ń jáde lára rẹ̀ á sì pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jó léèdì tuntun tí ẹ sì ti pààrọ̀ ohun tó yẹ, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kékeré tan tẹlifíṣọ̀n náà. Bí àwòrán bá ti nà ṣùgbọ́n tí kò kún ojú gíláàsì dáadáa, ibi tí a ń tún gíga àwòrán ṣe wà lórí pánẹ́ẹ̀lì tàbí nínú ètò tí a ń fi rìmóòtù ṣí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa yí i. Kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lójú yín níbi tí ọmọdé kò lè dé, kí ẹ tó dé ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí léèdì tí kò wọlé dáadáa kì í fara hàn títí IC yóò fi gbóná tán. Bí ìlà náà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára IC vertical, iye fóltì tí ẹ rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti iye ohm tí mítà kà lórí kọ́ìlì yoke ránṣẹ́ sí mi, n ó sì sọ ibi tó kù láti wò fún yín.